Ìṣirò Tí Adétutù Kò Lè Sọ Fún Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ Adétutù Dáramọ́lá, ó ti di ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rin tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn. Kò wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kíka nǹkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí a ṣe ń fi àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú mọ ohun tó ń ṣe ìlú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń sọ pé bí nọ́ńbà bá ń parọ́, ojú Adétutù kì í fò ó.

Tìmílẹ́hìn ni àbúrò náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wẹ́dà ni. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Tìmílẹ́hìn ti kọ́ṣẹ́, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì l'Ójòó, níbi tó ti ń jó géètì àti ìjókòó bọ́ọ̀sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Challenge sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá wẹ́dà ní orílẹ̀-èdè olótùútù kan lókè òkun. Orílẹ̀-èdè náà ń bá aládùúgbò rẹ̀ jagun, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní ilé-iṣẹ́ náà jìnnà sí ibi tí ìbọn ti ń dún. Tìmílẹ́hìn lọ. Oṣù kejì tó débẹ̀, ó pe Adétutù lórí fídíò, aṣọ ológun ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àǹtí mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo rò pé ìwé iṣẹ́ ni."

"Tìmí, bọ́ aṣọ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ!"

"Kò ṣeé bọ́ mọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń kó wa lọ síwájú."

Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Títílọpẹ́ ló fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Òun àti Adétutù jọ kàwé ni, kó tó lọ máa gbé lókè òkun. Kò mọ̀ pé Tìmílẹ́hìn wà lójú ogun, Adétutù kò sì sọ fún un. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ìjọba orílẹ̀-èdè náà kọ̀ láti sọ iye ọmọ ogun rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n iye gbogbo ọmọ ìlú tó ń kú lọ́dọọdún, àtọkùnrin àtobìnrin, àtọmọdé àtàgbà, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti fi èyí wá iye àwọn ọmọ ogun tó kú. Ṣé Adétutù lè bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí kò sí lára wọn lè sọ bóyá àwọn ṣìnà?

Ó yẹ kó kọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó kọ̀. Ó dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún pé òun yóò ṣe é.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló jókòó tì í, ní ilé wọn ní Bodija, nídìí tábìlì ìjẹun, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fáànù ń dé dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é rọrùn. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n bá kú lórílẹ̀-èdè náà, ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn tí yóò kú kì í ju bí igba ó lé àádọ́ta lọ. Ọtí ń pa wọ́n, ọkọ̀ ń pa wọ́n, ìjà ń pa wọ́n. Ọdún dé, ọdún lọ, ìwọ̀n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, á pa takọtabo. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ń kú bí wọ́n ṣe ń kú tẹ́lẹ̀, tí ti ọkùnrin sì ṣàdédé fò sókè, ogun ló ń ṣà wọ́n.

Adétutù fi ìlà tẹ̀ lé ìlà. Ọdún àkọ́kọ́, iye ọkùnrin tó kú sí ọgọ́rùn-ún obìnrin gòkè lọ sí irínwó. Ọdún kejì, ẹgbẹ̀ta. Ní ọdún kẹta, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò pín in sí akọ àti abo mọ́, àròpọ̀ nìkan ni wọ́n gbé jáde, ó sì di dandan kó wá ọ̀nà mìíràn yọ ti ọkùnrin nínú rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ẹgbẹ̀rin ló rí. Ó rò pé òun ti ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún un ṣe. Ẹgbẹ̀rin náà ni.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí Títílọpẹ́ bẹ̀ ẹ́ parí sí. Ó yẹ kó pa kọ̀ǹpútà dé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa bébà kan yọ, ó kọ iye tí wọ́n fojú bù pé ó wà lójú ogun, ó kọ ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú pátápátá, níbi tí gbogbo ìwé ìròyìn ń sọ pé wọ́n ń kó àwọn àjèjì sí. Ó kọ ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó pín in.

Ẹyọ kan nínú mẹ́ta ló ti kú.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú. Nǹkan mìíràn tún wá sọ sí i lọ́kàn, tó jẹ́ kí ẹ̀rù náà di ìlọ́po méjì: ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni wọ́n ń kọ sínú àkọsílẹ̀ ikú yẹn. Bí Tìmílẹ́hìn bá ti kú, kò sí níbẹ̀. Bí òun bá ka àwọn ìlà náà títí ojú òun yóò fi fọ́, òun kò ní rí i.

Ó gbọ́ sálúbàtà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó dojú bébà náà délẹ̀.

"Tutù, o ò tíì jẹun," ni Màmá wí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n, ìyá ìjọ ní ilé àdúrà àwọn Aládùúrà kan l'Ágbówó. Wọ́n ti mọ̀ pé ojú ogun ni Tìmílẹ́hìn wà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Adétutù ti sọ fún wọn, nígbà tí kò rí ọ̀rọ̀ fi bò ó mọ́. "Ìwọ tó o mọ̀wé, ogun tí wọ́n ń jà yẹn, ṣé ó ń pa wọ́n púpọ̀?"

"Kò pọ̀, Màmá."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Àwọn tó ń padà wálé ló pọ̀ jù, mà."

Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní kó wá jẹun.

Ní Sátidé, Adétutù wakọ̀ lọ sí Challenge. Ó ti lọ rí lẹ́ẹ̀mejì, ọ́fíìsì náà wà ní títì. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọge mẹ́fà jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán. Ìyá tó ń kọ́ wọn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ ni, òun kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí Adétutù ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bá ọmọbìnrin kan pàdé tó pọnmọ sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkùnrin tó ń kó àwọn èèyàn lọ sókè òkun lẹ̀yin náà ń wá?"

Peculiar ni orúkọ rẹ̀, Agbówó ló ń gbé, irun ló ń ṣe. Olúwaníyì, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, òun àti Tìmílẹ́hìn ni wọ́n jọ wọ bàálù kan náà. Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn. Peculiar mú ìwé ẹ̀sáàsì kan jáde nínú báàgì. Ó ti wá ẹbí àwọn tí ọkùnrin náà kó wọ bàálù ọjọ́ náà rí, àfi ti Tìmílẹ́hìn nìkan; ọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n, ó sì kọ orúkọ wọn tò.

"Àwọn mẹ́rin yìí ti pe ilé láàárín oṣù tó kọjá. Àwọn mẹ́ta yìí..." Ó rọra fi ìka tọ orúkọ wọn. "Wọ́n ti rí fọ́tò òkú wọn. Àwọn mẹ́rin tó kù, a ò mọ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Àbúrò yín náà wà níbẹ̀ mà."

Mẹ́ta nínú méje tí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Gbogbo ìgbà ni Adétutù ń kìlọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbára lé nọ́ńbà kékeré, pé ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Síbẹ̀, ó ń ka àwọn orúkọ náà lákàtúnkà títí Peculiar fi pa ìwé náà dé.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò," ni Peculiar wí, nígbà tí Adétutù ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un. "Kí ni ìṣirò wí?"

"Kò tíì wí nǹkan kan." Bó ṣe parọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́rin nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì. Nọ́ńbà náà gùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìdágbére fún kíláàsì.

"Àǹtí mi."

Ó fi iwájú orí ti ògiri.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ilé ìwòsàn ni mo wà. Nǹkan bú níwájú wa. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni."

"Ṣé o ń rìn? Ṣé ojú rẹ ń ríran?"

"Mo ń rìn. Mo ń ríran. Wọ́n ti fi irin sínú ọwọ́ náà. Dókítà ní àwọn rò pé yóò jinná. Bó bá jinná, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n á dá mi padà."

"Sílé?"

"Rárá. Síwájú."

Adétutù gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. "Bí kò bá jinná ńkọ́?"

"Wọ́n á gé e. Ẹni tí wọ́n bá gé lọ́wọ́ kò wúlò fún wọn mọ́, wọ́n ń jẹ́ kó máa lọ." Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Àǹtí mi, wẹ́dà ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì jó?"

"Olúwaníyì ńkọ́?"

"Iwájú mi ló wà nígbà tó bú. Ẹ má sọ fún ìyàwó ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ sọ fún un fúnra mi. Ẹ ṣèlérí fún mi." Ó ṣèlérí. Fóònù já.

Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n bọ́ sójúde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn bí ọkùnrin. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọwọ́ Tìmílẹ́hìn, àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kí ẹbí wá. Adétutù bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Àbẹ́là ń jó, tùràrí ń rú, àwọn obìnrin tó wọ ẹ̀wù funfun yí Màmá ká.

"Olúwa, ìwọ tó o dá egungun, tò ó padà!"

"Àmín!"

"Iṣan tó já, so ó pọ̀!"

"Àmín!"

"Ọwọ́ náà yóò jinná kíákíá ju bí dókítà ṣe rò lọ!"

"Àmín o! Àmín!"

Ètè Adétutù ṣí, kò sí ohun tó jáde. Òógùn bò ó. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá ṣe àmín, ọwọ́ náà yóò jinná lóòótọ́. Ẹ̀rù sì tún bà á nítorí irú ẹni tí òun jẹ́, tí òun dúró nínú ilé Ọlọ́run, tí òun ń fẹ́ kí ọwọ́ àbúrò òun jẹrà.

Bí wọ́n ṣe jáde síta láti sinmi, Màmá dì í lápá mú.

"N ò gbọ́ àmín rẹ."

"Màmá..."

"Mo ní n ò gbọ́ àmín rẹ, Adétutù. Ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ ni wọ́n ń gbàdúrà lé lórí."

Bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ igi furúùtù. Adétutù mú wọn jókòó sí i, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Mo parọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn, mà. Ogun yẹn ń pa wọ́n gan-an ni. Bí wọ́n bá kó mẹ́ta lọ síbi tí wọ́n kó Tìmílẹ́hìn lọ, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀kan ti kú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá jinná, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa dá a padà sí. Ikú kò ní sọ pé ẹni yìí ti bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá gé ọwọ́ náà ni wọ́n tó lè fi í sílẹ̀."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú mẹ́ta?"

"Èmi ni mo ṣírò ó."

"Ó dá ọ lójú?"

"Kò lè dáni lójú tán, mà. Ó lè dín díẹ̀. Ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Màmá ń wo ọwọ́ ara wọn tó wà lórí itan. Àwọn obìnrin tó kù ti padà sínú ilé, orin ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi èjìká Adétutù tì dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè kí orin dákẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀. Ohùn wọn kò ròkè.

"Bàbá, mo wá yí ẹ̀bẹ̀ mi padà. Ọwọ́ tí mo fi kànrìnkàn wẹ̀, ọwọ́ tí mo fà lọ síléèwé, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Gba ọwọ́ náà. Fi ìyókù ọmọ náà sílẹ̀ fún mi."

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ya Adétutù lẹ́nu pé ohùn òun ni.

"Àmín."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí nínú àwọn méjèèjì ẹni tó jẹun yó. Bí àwọn ará ìjọ bá kí Màmá pé ọwọ́ á jinná o, wọ́n á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tìmílẹ́hìn pe lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọwọ́ náà ti ń wú, ó ń rùn, ìdùnnú tó sọ sí Adétutù lọ́kàn jẹ́ kí ara rẹ̀ kó rìrì. Ọjọ́ kejì, ó tún pè, ó ní ó ti ń rọlẹ̀, dókítà ń yọ̀. Adétutù lọ bì nínú ilé ìwẹ̀.

Peculiar náà ń pè lójoojúmọ́. "Ẹ kúuṣẹ́ mà, ṣé bùọ̀dá sọ nǹkan nípa Daddy Olúwapamílẹ́rìn?" Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ́ Olúwapamílẹ́rìn. Adétutù á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́, ó wà ní Dùgbẹ̀, ó fẹ́ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màmá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, ó sì hàn pé ọwọ́ òsì ló tẹ̀ ẹ́: wọn ti ge e lanaa, lati igunpa. Adétutù jókòó sórí pèpéle ilé oògùn, ó bú sẹ́kún tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́míìsì fi bu omi wá fún un, ó bi í pé ta ló kú.

"Kò kú," ló ń wí. "Kò kú mọ́."

Kí Tìmílẹ́hìn tó dé, Adétutù fi iṣẹ́ Títílọpẹ́ ránṣẹ́ padà. Ó ní wọn kò ṣìnà, àbájáde wọn tọ́. Ó fi ìpínrọ̀ kan kún un, pé iye náà kéré sí òótọ́, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn ń kú níbẹ̀ tí ìwé ikú kankan kò gbà wọ́n wọlé. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí Tìmílẹ́hìn tó rí bàálù wọ̀. Ó rù hangogo. Ọjọ́ kejì tó dé, ó ní kí Adétutù gbé òun lọ sí Agbówó. Peculiar ń dirun fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iwájú ilé. Ó rí apá ẹ̀wù tó rọ̀ dẹ̀rẹ̀, ó wo ojú Tìmílẹ́hìn, ó sì rọra gbé kóòmù sílẹ̀.

"Ó ti kú," ni Peculiar wí.

"Ó ti kú," ni Tìmílẹ́hìn dáhùn.

Peculiar yíjú sí Adétutù. "Ẹ̀yin ti mọ̀ mà?"

"Mo ti mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè."

Peculiar kò pariwo. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ̀ọ́, kó padà wá lọ́la. Ó wá sọ fún Adétutù, láìwo ojú rẹ̀, pé, "Ẹ lọ dúró nínú mọ́tò yín, mà. Bùọ̀dá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Adétutù lọ dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Kò gbọ́ igbe, kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ọmọ tó sunkún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Tìmílẹ́hìn jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Adétutù sì ṣíná ọkọ̀.

Wọ́n ti ń sún mọ́ ọjà Bodija nígbà tí táyà ọkọ̀ tírélà kan bẹ́ níwájú wọn. Àwọn èèyàn fò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Adétutù yíjú, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Tìmílẹ́hìn ti ká sílẹ̀ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan tó kù bo orí, kùkùté èkejì ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ bo etí.

Adétutù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fun fèrè. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré lábẹ́ ẹ̀wù.

"Táyà ni," ló ń wí fún un. "Táyà ni, Tìmí. Bodija la wà."